Láti Ayé Ìwọ̀fà Dé Ayé Kúérì: Ìtàn Òfin Láàárín Ọ̀gá àti Òṣìṣẹ́

"Lọ sílé, má padà wá mọ́." Gbólóhùn yìí kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ń sọ ọ́ ní sọ́míìlì, wọ́n ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n ń sọ ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, wọ́n sì ń sọ ọ́ nínú oko kòkó. Ọ̀gá tó sọ ọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀: òun ló ni iṣẹ́, òun ló ń sanwó, òun ló sì lè sọ ẹni tó máa dúró àti ẹni tó máa lọ. Ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní ogójì ọdún ni àwọn ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ wa ti ń fi yé àwọn agbanisíṣẹ́, àti ìjọba àti aládàáni, pé ibi tí ọ̀gá rò pé ọ̀rọ̀ parí sí ni ẹjọ́ mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Báwo la ṣe dé ibẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló gbà pé òfin òyìnbó ló wá ti òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, tó sì sọ ọ̀gá di ẹrú nínú ilé ara rẹ̀. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin tí òyìnbó kọ́kọ́ gbé wá, ọ̀gá ló gbè. Ohun tí òfin òde òní sì ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, pé kó sọ ẹ̀sùn, kó gbọ́ tẹnu ẹni tó fẹ̀sùn kàn, kó tó ṣe ìpinnu, kò jìnnà sí ohun tí àwọn baba wa mọ̀ kí òyìnbó tó dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Iṣẹ́ oko láyé àtijọ́ kì í ṣe iṣẹ́ olówó oṣù. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ńlá á bẹ ọ̀wẹ̀. Ọ̀rẹ́, ẹbí àti àna á wá bá a ṣe é lọ́jọ́ kan, òun náà á sì bọ́ wọn yó. Àwọn ẹgbẹ́ á máa ṣe àáró: lónìí ní oko tèmi, lọ́la ní oko tìrẹ. Ẹrú wà pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu ẹrú. Láàárín ẹrú àti ọmọ ilé ni ìwọ̀fà wà. Ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé orí owó náà. Kò dín ojú owó kù rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà pé ni ìwọ̀fà bọ́. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tó jáde ní 1921, pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ láàárín ìlú kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí kò sọ ìwọ̀fà di ohun tó dára. Ọmọdé ń fi ọ̀pọ̀ ọdún sin gbèsè tí kò mọ ìgbà tí wọ́n jẹ ẹ́, ó sì tọ́ bí òfin ṣe fòpin sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí àwa tòní wò dáadáa: onígbọ̀wọ́. Kò sí ìwé, síbẹ̀ ẹlẹ́rìí wà. Bí ìwọ̀fà bá ń ya ọ̀lẹ tàbí tó bá sá lọ, ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ ni olówó máa gbé ọ̀rọ̀ lọ. Bí olówó náà bá sì kọjá àyè rẹ̀, ẹnìkan wà tó lè bi í léèrè. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì péré. Ẹni kẹta wà láàárín wọn, ẹni kẹta yẹn sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tọ̀tún gbọ́ tòsì, nítorí àgbà òṣìkà ni ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ọ̀nà ìṣòwò tí Ìjẹ̀bú ti ń ṣọ́ tipẹ́ wá ṣí sílẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, kòkó wọ inú igbó, obì gbilẹ̀, gẹdú sì di ọrọ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó wà lára àwọn ìlú tí igbó náà sọ di olówó. Owó yìí kò ṣeé rí láìsí ẹni tó máa ro oko, tó máa ká kòkó, tó máa gé igi, tó máa fà á dé ojú ọ̀nà. Ọ̀wẹ̀ àti àáró kò tó mọ́. Alágbàṣe, ẹni tó ń ta agbára rẹ̀ fún owó, wá di ẹni pàtàkì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ilẹ̀ ibòmíràn wá. Àlejò kò ní ẹbí nítòsí, kò sì ní onígbọ̀wọ́ tó lè sọ̀rọ̀ fún un. Bí ọ̀gá bá lé e lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ tán, tí owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ta ni yóò lọ bá?

Òfin tí ìjọba amúnisìn gbé wá kò dá alágbàṣe náà lóhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1823 sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àdéhùn tó pé lè lọ sẹ́wọ̀n. Bí ọ̀gá bá da àdéhùn ní tirẹ̀, owó ni wọ́n máa ní kó san, kò kan ẹ̀wọ̀n. Ọdún 1875 ni wọ́n tó pa ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n yìí rẹ́ nílé wọn. Ohun tí wọ́n jù nù nílé, wọn kò jù ú nù ní ilẹ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso. Òfin Ọ̀gá àti Ìránṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà ní 1917 jogún ẹ̀mí kan náà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó fi mọ̀ ọ́n: ìránṣẹ́ ni òṣìṣẹ́, ọ̀gá ni ọ̀gá. Òfin iṣẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1929. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé òyìnbó ló kọ́ òṣìṣẹ́ wa ní àfojúdi kò tíì ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n yí i padà. Ní 1938 ni ìjọba ṣe òfin tó fàyè gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọjà gbówó lórí ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ kò kúrò lójú kan. Ní oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Michael Imoudu jẹ́ olórí wọn, daṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì dúró fún ohun tó lé ní oṣù kan. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe àkójọ òfin iṣẹ́ tuntun. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba ológun ṣe òfin iṣẹ́ ti 1974, èyí tó ṣì wà lórí wa dòní.

Ó yẹ kí gbogbo ọ̀gá mọ díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú òfin 1974 yìí. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ló dìídì ṣe é fún. Kò kan àwọn tó wà nípò alákòóso tàbí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ó ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ bí iṣẹ́ ṣe rí, iye owó rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe lè pín, kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá fẹnu kò sí òmíràn, ó sọ iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ kí wọ́n tó pín: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti kọjá oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ yìí kan tọ̀tún tòsì: bí ọ̀gá ṣe jẹ òṣìṣẹ́ ní in ni òṣìṣẹ́ jẹ ọ̀gá.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀gá kò bá ṣe ìkìlọ̀? Fún ìgbà pípẹ́, ìdáhùn ilé-ẹjọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá lára. Nínú ẹjọ́ tó wà láàárín àjọ tó ń ra irè oko àti òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Adewunmi, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní 1972 pé owó tí òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé láìtọ́ máa gbà ni iye tí ì bá gbà ká ní wọ́n ṣe ìkìlọ̀ fún un. Ọ̀gá tó bá san owó oṣù kan ti bọ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò fi ń gba ọ̀gá nímọ̀ràn láti ìgbà náà ni pé ọ̀gá lè dá òṣìṣẹ́ dúró nítorí ìdí rere, nítorí ìdí búburú, tàbí láìsí ìdí kankan.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti kọ́kọ́ já ni ọ̀rọ̀ àwọn tí òfin dúró lẹ́yìn iṣẹ́ wọn. Ní 1975, ìjọba Murtala Muhammed yọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní ẹgbàárùn-ún, ìyẹn 10,000, níṣẹ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni àṣẹ ń jáde, ẹlòmíràn kò mọ ohun tó ṣe. Ìdájọ́ tó jáde lẹ́yìn àkókò náà ló kọ́ ìjọba lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1981, nínú ẹjọ́ Shitta-Bey àti àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé àwọn ìlànà iṣẹ́ ìjọba ní agbára òfin, ẹni tí wọ́n bá yọ láìtẹ̀lé wọn sì lè padà sórí àga rẹ̀. Ní 1985, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Èkó, nínú ẹjọ́ tí à ń pè ní ẹjọ́ Olaniyan, gba irú ìdájọ́ kan náà. Yunifásítì náà ti kọ ìwé ìkìlọ̀ oṣù mélòó kan sí wọn, wọ́n rò pé ó ti tó. Ilé-ẹjọ́ ní kò tó. Òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ti la ọ̀nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà: kí wọ́n sọ ẹ̀sùn, kí wọ́n sì fún ẹni náà láyè láti sọ tẹnu rẹ̀. Ìyọnípò tí kò gba ọ̀nà náà dà bí ẹni pé wọn kò yọ wọ́n rárá.

Èyí tó yẹ kó dẹ́rù ba agbanisíṣẹ́ jù ni ti Ìlọrin. Ní 2001, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, Yunifásítì Ìlọrin lé olùkọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta. Ẹjọ́ lọ, ẹjọ́ bọ̀, títí dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní 2009 ni ilé-ẹjọ́ náà dá wọn láre, tó sì ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ẹ ṣírò ó: ọdún mẹ́jọ. Àwọn ọmọ tó wà ní jéléósinmi nígbà tí wọ́n lé àwọn bàbá wọn ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré kí ìdájọ́ tó dé. Owó oṣù tí yunifásítì kò san fún iṣẹ́ tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n ṣe wá di gbèsè lọ́rùn ilé-iṣẹ́ náà. Gbogbo rẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò pe àwọn èèyàn náà jókòó, kó sọ fún wọn pé, "Ohun tí ẹ ṣe rèé, kí lẹ rí sọ?"

Ọ̀gá kékeré lè sọ pé, "Èyí kò kàn mí, èmi kì í ṣe yunifásítì." Òótọ́ ni pé ìyàtọ̀ wà. Yunifásítì Olabisi Onabanjo tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1982, kò lè bá olùkọ́ rẹ̀ lò bí oníbúrẹ́dì ṣe ń bá ọmọ iṣẹ́ lò, nítorí òfin dúró lẹ́yìn iṣẹ́ olùkọ́ náà. Ilé-ẹjọ́ kì í sábà fipá mú aládàáni láti gba òṣìṣẹ́ tí kò fẹ́ mọ́ padà. Ṣùgbọ́n odò náà ti ń kún bọ̀ lọ́dọ̀ aládàáni pẹ̀lú. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, National Industrial Court, ti wà láti 1976, ṣùgbọ́n òfin 2006 àti àtúnṣe kẹta sí òfin-ìpìlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011 ló fún un ní eyín. Láti ìgbà náà, òun ni ẹjọ́ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ń lọ bá. Òfin-ìpìlẹ̀ sì fún un láyè láti wo bí nǹkan ṣe ń lọ káàkiri àgbáyé. Nínú ẹjọ́ Aloysius àti báńkì Diamond, ó sọ pé kò bójú mu mọ́ kí ọ̀gá lé òṣìṣẹ́ láìsọ ìdí. Ó tọ́ka sí àdéhùn tí àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe ní 1982, èyí tí Nàìjíríà kò tíì fọwọ́ sí. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ kò tíì kú, ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ṣì ń fi í gbèjà ọ̀gá, ṣùgbọ́n kò tún dá dúró mọ́.

Kí wá ni ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu máa ṣe? Ìbéèrè yìí tọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló ṣe é fọwọ́ sọ̀yà. Òmíràn ń jalè, òmíràn ń pẹ́ lẹ́yìn lójoojúmọ́, òmíràn á bu ọ̀gá lójú àwọn oníbàárà. Òfin kò sọ pé kí ọ̀gá máa wo irú wọn níran. Nínú ẹjọ́ Yusuf àti Union Bank ní 1996, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi hàn pé ọ̀gá tó bá mú òṣìṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwà tó burú jáì kò nílò láti dúró di ìgbà tí ilé-ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi ọ̀ràn kó tó lé e. Ohun tó kàn ni pé kó fún un láyè láti wí tẹnu rẹ̀. Ìwé ìbéèrè tí à ń pè ní kúérì, ìdáhùn òṣìṣẹ́ sí i, ìjókòó pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kan, àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ, lẹ́yìn náà ìwé ìdádúró tó sọ ìdí: ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún gbogbo rẹ̀ ní sọ́míìlì kan. Ọ̀gá tó ní ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́ kò ní gbọ̀n bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ adájọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn ni ọ̀rọ̀ owó. Pákó sọnù, ọ̀gá yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù. Òfin 1974 kò gba ọ̀gá láyè láti máa bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó fi àìbìkítà sọ ọ́ nù, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbogbo ohun tó bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ọ̀gá mìíràn á pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá ti òṣìṣẹ́ tó jẹ ẹ́ lówó mọ́lé. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó dà tàbí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀ràn. Olè jẹ́ ọ̀ràn, gbèsè kì í ṣe ọ̀ràn.

Ẹ̀rọ tó ń la gẹdú kò mọ ọ̀gá, kò mọ òṣìṣẹ́. Bí ó bá gé ìka ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá sábà máa ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, á san díẹ̀, á sì bẹ ẹbí. Òfin 2010 lórí ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ti la ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ. Kí ọ̀gá máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àpò náà ló máa san owó fún ẹni tó fara pa, láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi, òfin náà sì fi owó yìí rọ́pò ẹjọ́ tí òṣìṣẹ́ ì bá pe ọ̀gá. Náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún kò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìka mẹ́rin.

Mo mọ ohun tí ọ̀gá sọ́míìlì máa sọ: "Ẹni tí mo fẹ́ kọ ìwé fún, kò mọ ìwé kà. Lọ́la ó lè má wá mọ́." Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo onígbọ̀wọ́ ayé ìwọ̀fà. Kò sí ẹni tó mọ ìwé kà nígbà náà, síbẹ̀ ẹlẹ́rìí wà lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á, ẹlẹ́rìí sì wà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ dé. A lè ka ìwé sí òṣìṣẹ́ létí lédè Yorùbá, kó tẹ̀ka sí i lójú onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù onígbọ̀wọ́ tí báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lò lónìí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Àtijọ́ wa ni, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ni.

Ìdí mìíràn wà tó ju ẹ̀rù ilé-ẹjọ́ lọ. Ìlú bíi Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè tàbí Abìgì kò tóbi tó kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ má tún pàdé mọ́. Ẹni tí o lé lónìí, àbúrò rẹ̀ ń kọ́ ọmọ rẹ níwèé, ìyá rẹ̀ ń tajà níwájú ilé àna rẹ, ìwọ àti bàbá rẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Àwọn àgbà wa sì sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀gá tó jókòó fún wákàtí kan láti gbọ́ tẹnu òṣìṣẹ́ lè ṣì lé e lẹ́yìn náà. Òṣìṣẹ́ náà lè bínú lọ. Ṣùgbọ́n yóò mọ ìdí tó fi lọ, owó tó ṣiṣẹ́ fún yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní sí ohun tí agbẹjọ́rò kankan máa rí gbé dìde láàárín wọn.